Sí Àjọkẹ́, Tí Mo Bá Lórí Koríko Lọ́sàn-án Ọjọ́rú

Àjọkẹ́ ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo pè ọ́, o kò gbé e. Mo tún pè, ọkọ rẹ gbé e, ó ní o ń sùn. Mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò bá a jà. Mo kàn rí i pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ti kọjá ohun tí a ń sọ lórí fóònù, nítorí náà mo jókòó sídìí tábìlì tí ìyá rẹ fi ń gé ẹ̀fọ́, mo mú bírò. O mọ̀ pé mi ò kì í kọ̀wé gígùn. Iléèwé abúlé tí mo lọ, lẹ́tà tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ kò ju kí a béèrè àlàáfíà, kí a sì sọ pé tiwa náà ò burú. Mi ò ní béèrè àlàáfíà rẹ. Mo mọ̀ pé àlàáfíà lo wà. Mo fojú ara mi rí i.

Ohun tí mo rí náà ló ń yà mí lẹ́nu títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú tèmi, kí o lè mọ ohun tó gbé mi dúró.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, obìnrin kan ní Sugar Land, lẹ́bàá Houston níbí, ní kí n wá wo ẹ̀rọ amúlétutù òun kí ooru tó dé. Mo dé ibẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ mú ọmọ òun níléèwé, kí n padà wá tó bá ṣe díẹ̀. O mọ bí iṣẹ́ mi ṣe máa ń rí lásìkò yìí. Òtútù ti lọ, ooru kò tíì dé. Kò sẹ́ni tó nílò ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kò sẹ́ni tó nílò èyí tó ń mú un tutù. Ojú ọjọ́ tó ń tu gbogbo ará ìlú lára, èmi ló ń pa lọ́jà. Inú ti ń bí mi tẹ́lẹ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ sí páàkì kan tó ní adágún omi, mo ní kí n jẹ búrẹ́dì mi níbẹ̀, nínú ọkọ̀, fèrèsé ní títì, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Mo rí obìnrin kan lábẹ́ igi óòkù ńlá kan. Ó tẹ́ ànkárá sórí koríko, ó nà gbalaja sórí rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà. Ikùn oyún rẹ̀ ga sókè. Ọkùnrin kan jókòó tì í, ó ń bó nǹkan fún un jẹ. Ewé igi ń já lé wọn lórí, wọn ò tilẹ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Mo sọ nínú ara mi pé, "Ẹ wo àwọn ọ̀lẹ. Lọ́sàn-án gangan." Mo sọ̀ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀ kí n da omi tó kù nínú ìgò mi nù. Ìgbà náà ni obìnrin náà rẹ́rìn-ín.

Àjọkẹ́, mo mọ ẹ̀rín náà. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Mi ò gba ojú mi gbọ́. Mo mú fóònù, mo pè ọ́. Mo rí ọ níwájú mi bí o ṣe nawọ́ gbé e, bí o ṣe dìde jókòó, bí o ṣe nu ẹnu rẹ kí o tó sọ̀rọ̀, bí ẹni pé mo lè rí ẹnu rẹ nínú fóònù.

"Níbo lo wà?"

O mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì. "Mo wà níbi iṣẹ́, Bàámi. Èrò pọ̀ lónìí. Ó ti rẹ̀ mí."

"O kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, Bàámi. Màá pè yín tí mo bá ráyè."

O gbé fóònù sílẹ̀. O tún nà gbalaja padà.

Mo sọ̀kalẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Ohun tí mo rántí ni pé o gbọ́ bí mo ṣe gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, o bojú wẹ̀yìn, o sì fò dìde bí olè tí wọ́n ká mọ́ oko. Aboyún! O fi ànkárá bo oúnjẹ mọ́lẹ̀. O fi ẹsẹ̀ òsì wọ bàtà ọ̀tún. Ọkọ rẹ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú koríko, ata wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ṣé ibi iṣẹ́ rẹ nìyí?" Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. A ti fẹ́ máa lọ."

Káyọ̀dé ọkọ rẹ wò ọ́, ó wò mí. Ọmọ yẹn ò mọ irọ́ pa, Ọlọ́run máa bù kún un. "Dádì, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni sà. Kì í lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́rú. Ibí la máa ń wá látìgbà tí òtútù ti lọ."

"Ní gbogbo Ọjọ́rú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ jókòó, Dádì, ẹ bá wa jẹ edé. Ó ṣì gbóná."

Edé! Edé tútù tó tóbi bí ọmọ akàn, pupa fòò nínú ike, ata bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ò mọ edé mìíràn ju èyí tí ìyá rẹ ń lọ̀ sínú ọbẹ̀. Ó ń ta sánsán, ebi sì ń pa mí. Mi ò jókòó. Mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi ń purọ́ fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. O wolẹ̀, o ní, "Torí tí ẹ bá mọ̀ pé mo jókòó, ẹ máa bínú ni."

Mo yí padà, mo lọ. Mi ò kí yín.

Mo rò pé ohun tó burú jù ti tán nìyẹn. Kò tán. Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí i pé ìyá rẹ dá ibùsùn ọmọ tí a rà padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní kò sí. Mo ní ìyá Àjọkẹ́, sọ ọ́. Ó ní o ti sọ fún òun pé tí o bá bímọ tán tí o sì padà síṣẹ́, daycare, ibi tí wọ́n ti ń gbowó tọ́jú ọmọ, ni ọmọ yóò máa lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ní Stafford mọ́. Mo ní kí la ṣe? Ó ní, "Àjọkẹ́ ní òun ò fẹ́ kí ọmọ òun máa fò dìde nígbà tó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ yín."

O rántí ọjọ́ tí mo já bọ́ láti orí òrùlé gbọ̀ngàn àpèjẹ kan níbí, tí mo fọ́ egungun ìhà. Ọjọ́ yẹn sàn ju èyí lọ.

Mo ti rò ó láti ìgbà náà. Mo fẹ́ to ohun tí mo fẹ́ sọ ní ẹsẹẹsẹ, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá yóò tò. Ìwọ ṣáà kà á.

Èkíní, irọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tìrẹ, òtítọ́ wà nínú ọkọ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì. Má purọ́ fún mi mọ́. Tí mo bá pè tí o sì jókòó, sọ pé o jókòó. Tí mo bá pariwo, jẹ́ kí n pariwo. Ariwo mi ò pa ẹnìkan rí. Ohun tó ń pa ilé ni kí bàbá máa kí ọmọ rẹ̀ kú iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ń jẹ edé. Má sì fi ọkọ rẹ sínú rẹ̀. Ọmọ gidi ni. Ojú tó fi wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ojú ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di àlejò sí ni. Lọ bá a sọ̀rọ̀.

Èkejì. Mo fẹ́ kí o mọ ibi tí mo ti gbé ìwà yìí wá, nítorí wọn ò bí i mọ́ mi. Mo ti ń hu irùngbọ̀n nígbà náà, mo ṣì wà níléèwé. A wà lóko, oṣù tí ilẹ̀ máa ń le bí àpáta kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àkọ́rọ̀ rọ̀. O ò mọ àkọ́rọ̀, torí o kéré nígbà tí a kúrò nílé. Òun ni òjò àkọ́kọ́ lọ́dún. Tó bá kan ilẹ̀, ilẹ̀ á mí jáde, òórùn rẹ̀ á wọ̀ ọ́ nímú títí dé ọpọlọ. Gbogbo ẹni tó wà lóko sọ ọkọ́ sílẹ̀. Bàámi àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn sáré lọ sábẹ́ igi kajú, wọ́n ń já kajú, wọ́n ń fà á mu, omi rẹ̀ ń ṣàn lára wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Èmi nìkan ni mo dúró sórí ebè, tí mò ń kọ ọ́ nínú òjò.

Bàámi pariwo, "Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń bá jà?"

Mo dáhùn pé, "Ẹni tó bá jókòó lebi máa pa."

Àwọn àgbà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé, wọ́n ní ọmọ yìí máa lówó. Bàámi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Bàámi ní, "Ó máa lówó, àmọ́ kò ní mọ bí àkọ́rọ̀ ṣe ń rùn." Mo rò pé wọ́n ń jowú mi ni. Mo gbé ìyìn àwọn ọ̀rẹ́ wọn jẹ, ó dùn, mo sì ń jẹ ẹ́ títí mo fi dé Houston.

Nígbà tí mo wá bí ọ, ọmọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, kí ni mo mọ̀? Mo fi ohun tí mò ń jẹ bọ́ ọ. Ìgbà kan wà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sínú apartment wa àkọ́kọ́, o jókòó lójú fèrèsé, o ń wo ẹyẹ kan tó ń kó koríko gbẹ lọ sábẹ́ òrùlé òdìkejì. Mo ní, "Ìwé dà?" Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti dé, ìwé á wà lọ́wọ́ rẹ. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé, "Ọmọ tèmi? Kì í jókòó lásán." Mo fi ń yangàn. Mo rò pé ìgbọràn ni. Ìbẹ̀rù ni, àbí? Wọ́n ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo pẹ̀ka tìrẹ títí kò fi ku ibi tí ẹyẹ lè bà lé.

Ṣùgbọ́n má rò pé mo ti di ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ràn ìmẹ́lẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó jí tí kò ṣe nǹkan kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tó wá ń bínú sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀lẹ ni, mo ṣì máa sọ ọ́ sí i lójú. Ìwọ kì í ṣe ọ̀lẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kùtùkùtù, tó ń gbé aláìsàn nílẹ̀ tòun ti oyún, kì í ṣe ọ̀lẹ. O ṣiṣẹ́, o sì jókòó. Nǹkan méjì ni. Èmi ni mo sọ wọ́n di ìjà.

Nílé wa, a kì í kọjá lára ènìyàn láìkí i, ohun tí a bá bá a nídìí rẹ̀ la sì ń kí i fún. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, ẹni tó ń náwó, ẹni tí òjò pa. Ẹni tó jókòó náà ní tirẹ̀. Àwọn bàbá wa ò ṣe ìkíni yẹn fún ọ̀lẹ. Wọ́n mọ̀ pé ìjókòó jẹ́ ohun tó yẹ kí a torí rẹ̀ kí ènìyàn. Mo mọ èyí látọmọdé, mo sì kọjá lára ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ bí ẹni kọjá lára ìgànná. Ẹ kú ìjókòó o. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, fèrèsé. Èyí kì í ṣe òwe, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni, nítorí náà gbọ́ dáadáa. Ní ìlú yìí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ báyìí ló wà lọ́dún tí ènìyàn lè pa ẹ̀rọ kí ó sì ṣí fèrèsé. Tó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ooru á dé, ilé á di ilé títì títí di oṣù tí ọdún fẹ́ parí. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Èmi tí mò ń tún atẹ́gùn ṣe fún wọn, mi ò ṣí fèrèsé ilé mi rí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ibùsùn yẹn, mi ò lè sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ ṣí fèrèsé ilé ìdáná. Kò ṣí. Ọ̀dà ti lẹ̀ ẹ́ pa. Mo fi súkúrú díráífà rọra họ ọ́ yíká, mo tì í sókè, ó dún bí ẹni tó ń yọ eyín. Ìyá rẹ sáré jáde pẹ̀lú gèlè ojú oorun.

"Bàbá Àjọkẹ́! Kí ló dé? Ṣé gáàsì ń jò ni?"

"Gáàsì ò jò."

"Kí lẹ wá ń ṣí fèrèsé fún?"

Mo tún tì í sókè sí i. Ìgbà náà ni nǹkan kan bá atẹ́gùn wọlé. Òórùn òdòdó òroǹbó. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn kíláàsì wa lábúlé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo na ọrùn síta. Igi òroǹbó kan wà nínú ọgbà aládùúgbò wa, ó funfun láti òkè délẹ̀, oyin ń kùn nínú rẹ̀. Mo bi ìyá rẹ pé ìgbà wo ni wọ́n gbin igi yìí. Ó wò mí bí ẹni tí orí ń yí. Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ kí a tó kó dé. Mo ti sọ fún yín rí. Ẹ ní ṣé igi la fẹ́ jẹ ni."

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ṣí fèrèsé láàárọ̀ kùtù, nígbà tó tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́ tí kì í là wá ní ètè. Tí ọ̀sán bá ń pọ́n, tì í, nítorí àtíkè yẹ́lò tí òdòdó àwọn igi óòkù ń dà sórí mọ́tò gbogbo ènìyàn yìí, inú ilé náà ló ń wá. Fi aṣọ tútù nu ojú fèrèsé, má fi gbígbẹ nù ún. Má sá aṣọ ọmọ síta títí òjò kan tàbí méjì fi máa fọ afẹ́fẹ́. Wo asẹ́ inú ẹ̀rọ yín; bó bá ti yẹ́lò, kí Káyọ̀dé pè mí. Kó pè mí o, kì í ṣe kí ó lọ pe ẹlòmíràn. Jẹ edé rẹ, ṣùgbọ́n kí ata má pọ̀ jù fún ọmọ inú. Rìn lẹ́sẹ̀ lásán lórí koríko tó bá wù ọ́, mi ò ní bá ọ wí. Ṣáà wo èèrùn pupa, àwọn yẹn ò mọ aboyún.

Ìyókù yìí kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni, ó sì yà mí lẹ́nu ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè lọ.

Nígbà tí Ọjọ́rú mìíràn pé, mo padà lọ sí páàkì yẹn. Mò ń wá yín. Ẹ ò wá. Mo mọ ìdí. Mo wá sọ fún ara mi pé kí n jókòó díẹ̀, kí n mọ ohun tó dùn níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mi fi ń purọ́ nítorí rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo wo ibí, mo wo ọ̀hún. Mo rí i pé bóòtù kan tó di bẹ́ǹṣì náà mú ti tú, mo yọ irinṣẹ́ jáde lápò, mo dì í. Mo yẹ ìyókù wò. Gbogbo wọn le. Mo wá ku èmi àti ọwọ́ mi.

Bàbá òyìnbó kan ń fa ajá kọjá. Ó gbé fìlà, ó ní ọjọ́ yìí mà dára o. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn tó lọ ni mo tó wo ọjọ́ náà. Lóòótọ́, ó dára. Igi tó wà lórí mi ń já ewé àtijọ́ sílẹ̀, lórí ẹ̀ka kan náà, ewé tuntun ti yọ, ó tutù, ó ń dán. Kì í dúró kí ọ̀kan tán kí èkejì tó dé. Òdòdó aláwọ̀ aró tí mo máa ń bá pàdé létí ọ̀nà márosẹ̀, tí mi ò kì í dín eré fún, hù lẹ́bàá omi níbẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ kan ń kó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, èyí tó gbẹ̀yìn ń subú. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan.

Fóònù dún. Ìyá rẹ ni.

"Bàbá Àjọkẹ́, níbo lẹ wà?"

Mo ní, "Mo wà níbi iṣẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má gbàgbé jẹun."

Ó gbé e sílẹ̀. Mo di fóònù mú, ẹnu mi là sílẹ̀. Ta ni mò ń sá fún? Bàámi ti kú tipẹ́, àwọn gan-an ló sì bi mí pé ta ni mò ń bá jà. Ìyá rẹ kò bínú rí sí ẹni tó jókòó. Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Irọ́ náà kàn jáde wẹ́rẹ́ ni, láìkọsẹ̀, bí ẹni pé ẹnu mi ni ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi gẹ́lẹ́ ni mo sọ. Mo sì ti ń bú ọ nínú ọkàn mi pé ta ló kọ́ ọ.

Mo pè é padà, mo sọ òtítọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ jókòó? Ẹ̀yin? Ṣé ara yín yá?" Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní kí n dúró níbẹ̀, kí n má kúrò, kí òun wá fojú ara òun rí i.

Àjọkẹ́ mi, iyùn mi, ní ti ọmọ tó wà nínú rẹ. Ìwọ àti Káyọ̀dé lẹ ni ín. Tó bá jẹ́ daycare, daycare ni. N óò máa gbé e lọ, n óò máa gbé e bọ̀ tí ẹ bá fẹ́, mi ò sì ní sọ nǹkan kan. Mi ò ní bẹ̀ ọ́. O mọ̀ pé mi ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ṣùgbọ́n má gbé ọmọ náà pamọ́ fún mi nítorí o rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tí mo tọ́ ọ. Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé iṣẹ́ bàbá ni kó wá oúnjẹ, kó sì pariwo. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé ṣeré. Títí di òní, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju òrùlé lọ. Wá kọ́ mi kí ó tó dé.

Ooru ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, lọ síbi tí mo ti bá ọ, tẹ́ ànkárá rẹ, bọ́ bàtà. N óò gbé ọkọ̀ sí ọ̀nà jíjìn, n óò fẹsẹ̀ rìn wá. Tí o bá rí mi lókèèrè, má kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í wà ní ìdùbúlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, mo sì mọ̀ pé èmi ni mo fi pàṣán kọ́ ọ. Èmi náà ni mo ní kí o má kúnlẹ̀ ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí. Má dìde, má wá bàtà, má bo oúnjẹ. Tí o bá fò dìde, n óò mọ̀ pé àkókò kò tíì tó, n óò juwọ́ sí yín, n óò yí padà sí ibi tí mo gbé ọkọ̀ sí, mi ò sì ní bínú. Tí o kò bá dìde, n óò wá jókòó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ní Stafford.